Ìlà Kan Tí Ó Pòórá Nínú Kóòdù

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá Ebenezer kò fi ohun kankan ránṣẹ́. Àfi bó ṣe dédé fi iṣẹ́ ńlá kan ṣọwọ́ sí Ṣọlápé, tó ní kó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìkánjú yẹn ló kọ́kọ́ kọ Ṣọlápé lóminú.

Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ, fún ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣọlápé ń gbé ní Osi, Ebenezer ń ṣe tíṣà ní Ìlọfà. Nínú kóòdù náà, ìbuwọ́lù, tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ni nǹkan ti wá, àti ìfipamọ́, tó ń lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ kí ẹlòmíràn má baà rí i kà, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Ebenezer fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí ọ̀kan ń lò, má baà máa ṣiṣẹ́ èkejì. Èrò tó dáa ni. Iṣẹ́ náà gan-an ni Ṣọlápé ò fọkàn tán.

Ó jókòó tì í, ó ń fi tuntun wé ti àtijọ́, ó sì rí i pé ìlà kan ti pòórá: èyí tó máa ń kọ ìbuwọ́lù tí gígùn rẹ̀ kò bá pé. Láìsí ìlà yẹn, ayédèrú lè wọlé bí ojúlówó. Kò fèsì. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọfà, torí ó fẹ́ máa wo ojú ọkùnrin náà nígbà tó bá ń dáhùn.

"Bọ̀dá, ta ló yọ ìlà yìí?"

Ebenezer sọ pé òun nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnìkan tí òun kò fojú rí rí, tó ń pe ara rẹ̀ ní Prosper, ló bá òun kọ ìdajì, òun náà ló sì ń kán òun lójú. Wọ́n kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Prosper. Kí wọ́n tó jẹun tán, orúkọ rẹ̀ ti kúrò níbi gbogbo tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

"Ṣé o rò pé mo mọ̀ sí i ni?" Ebenezer béèrè.

"Mi ò tíì mọ ohun tí màá rò, sà."

Wọ́n da iṣẹ́ náà nù, wọ́n sì jọ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbuwọ́lù lọ́tọ̀, ìfipamọ́ lọ́tọ̀. Ṣọlápé fọwọ́ sí i. Àmọ́ láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ Ebenezer wá, àkàtúnkà ló ń kà á. Ebenezer mọ̀. Kò bínú, díẹ̀díẹ̀ ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ báyìí, kì í sì í sọ pé kó yá.