Ìgò Tó Wọ Ẹ̀wù

Ikùn ni aránṣọ náà fi wọ́ wọ abẹ́ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó na ọwọ́ títí tó fi kan ìgò tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó gbọn eruku ara rẹ̀ dànù.

"Òní ni," ó wí fún ìgò náà. "Òní ni yóò gbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá wí. Ọ̀gá ni nínú ilé ìdáná àwọn olówó. Nígbà kan, ó tọ́ wáìnì tí àbúrò rẹ̀ fi ṣe é lálejò wò, ó tu ú dànù, ó sì da èyí tó kù nínú ìgò sínú síǹkì lójú gbogbo èèyàn. "Èyí? Ìkòkò ni kó o máa fi fọ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dì í sínú.

Kò pẹ́ tó fi lọ ra irú wáìnì yẹn gan-an pa mọ́. Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá ti san owó iṣẹ́, á fi díẹ̀ ra ìgò kan, èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ẹni tó ń tà á ló kọ́ ọ pé ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn ni wáìnì ń gbé, pé kó dá wọn dùbúlẹ̀, kí ìdérí eléèpo igi tó wà lẹ́nu ìgò má baà gbẹ kí afẹ́fẹ́ sì wọlé. Ó fi aṣọ tó ṣẹ́ kù rán ẹ̀wù fún ìgò kọ̀ọ̀kan, tòun ti bọ́tìnnì. Kò ṣí ọ̀kankan rí. Torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe kó wọn jọ. Ẹ̀gbọ́n yóò mu wáìnì àkọ́kọ́ yẹn láìmọ̀, yóò yìn ín, òun yóò wá bọ́ ẹ̀wù ìgò náà lójú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n rí i pé èyí tó dà nù lọ́jọ́sí ni. Ẹ wo ojú tí yóò tì í!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyàwó dé, wọ́n jókòó, aránṣọ náà sì bu wáìnì fún wọn. Ẹ̀gbọ́n gbé ife, ó dà á mì lẹ́ẹ̀kan.

"Ó dáa."

"Báwo ló ṣe dáa, Bọ̀ọ̀dá?" Ọwọ́ aránṣọ náà ti wà lára bọ́tìnnì ẹ̀wù ìgò.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé ife náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Má bínú. Látìgbà tí àìsàn kan ti ṣe mí, mi ò gbóòórùn mọ́, ẹnu mi ò sì mọ adùn nǹkan kan. Wọ́n ti fi ẹlòmíì sípò mi níbi iṣẹ́." Ó ti ife náà sí i. "Ìwọ sọ fún mi. Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Inú tó ń bí aránṣọ náà kò tíì kúrò, àmọ́ kò rí ibi tí yóò dà á sí mọ́. Nínú gbogbo ìgò tó tẹ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, kò mọ bí ọ̀kankan ṣe rí lẹ́nu.

Ó mú ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnnì, ó bu díẹ̀ fún ara rẹ̀.

"Ẹ dúró ná, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò."