Rọ́bà Tí Wọ́n Yọ Lẹ́nu Òkú

"Màmá, ṣé ká yọ rọ́bà yìí, kẹ́ ẹ lè rí ojú ọmọ yín dáadáa?"

Nọ́ọ̀sì àgbà ló ń béèrè. Ara òkú ṣì gbóná. Obìnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ ikùn ráńpẹ́ ló nà gbalaja yìí, rọ́bà èémí yọrí lẹ́nu rẹ̀, pílásítà dè é mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, ó ṣì ń fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ má jẹ ẹran inú ìkòkò tán kí n tó jí o."

"Ẹ bá mi yọ ọ́," ni ìyá wí. "Ó ti jìyà tó."

Wọ́n yọ ọ́, wọ́n jù ú nù, wọ́n nu ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi dé, àfi bí ẹni tó ń sùn.

Dókítà tó fún un lóògùn oorun, tó sì ki rọ́bà náà bọ̀ ọ́ lọ́fun, ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọkọ kò gbà. Ó fẹ́ mọ ohun tó pa ìyàwó òun. Ó kọ̀wé sí adájọ́ tó ń wádìí ikú, wọ́n sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà.

Dókítà tó yẹ òkú wò ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ihò méjì ló fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ lọ́nà ọ̀fun: ọ̀kan fún èémí, èkejì fún oúnjẹ. Bí rọ́bà bá ṣì wọ ti oúnjẹ, inú ikùn ni ẹ̀rọ á máa fẹ́ atẹ́gùn sí, aláìsàn á sì kú sójú oorun. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ohunkóhun lára ẹni tó bá kú sọ́wọ́ oníṣègùn, títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ihò wo ni rọ́bà yìí wà?" ni adájọ́ bi í.

"N ò lè sọ, Olúwa mi. Wọ́n ti yọ ọ́ kí n tó rí òkú."

"Ihò èémí ni mo fi í sí," ni dókítà olóògùn oorun wí. Ta ni yóò já a nírọ́? Òkú kì í rojọ́.

Adájọ́ kọjú sí nọ́ọ̀sì àgbà. "Ṣé ẹ mọ òfin yìí?"

"A mọ̀ ọ́n, sà. Àánú Màmá ló ṣe wá."

Lọ́yà ilé ìwòsàn dìde. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ta ló ní kí wọ́n yọ ọ́?"

Ìyá kò lè wo ojú àna rẹ̀. "Èmi ni."

Adájọ́ ní òun kò rí ohun tí òun lè tọ́ka sí pé ó fa ikú náà. Dókítà olóògùn oorun wo aago, ó yára jáde. Wọ́n ti tẹ́ aláìsàn mìíràn sórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ dè é.

"Ìyá, ẹ ò sọ fún mi," ni àna rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé rọ́bà yẹn ṣì wúlò fún nǹkan kan. Mo rò pé ìyà ni."

Àna rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Ẹsẹ̀ ìyá yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì àgbà ló sáré di apá rẹ̀ mú, ó rọra mú un sọ̀ kalẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Olúwa á dúró tì ẹ́."