Ẹ̀rín Nadia àti Korobá Ẹfun

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín, kò síbi tí wọ́n ti ń fòfin de ẹ̀rín tó ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ rò ó wò ná! Ibi tẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run yín nínú sinimá, àwọn tó dúró sẹ́yìn kámẹ́rà lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni wọ́n di ẹ̀rín mọ́nú bí ẹni di ìtọ̀.

Nadia Hrynkiw ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gbaṣẹ́. Ìlú Tòróńtò ni, lọ́dún 1983, oṣù kẹrin ti ń parí lọ ṣùgbọ́n atẹ́gùn adágún ṣì ń géèyàn létí jẹ. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó gbé ọ̀pá gígùn kan tí máìkì wà lórí ẹ̀ sókè, kó nà án sórí àwọn òṣèré, kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lè wọ téèpù. Fíìmù àkọ́kọ́ tó máa ṣe nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀ tí wọ́n ti ń ránṣọ ló fi sílẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ti ní kò ní lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀.

Fíìmù náà dá lórí àwọn ọmọ tí ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì tí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọsibítù àtijọ́ kan létí adágún ni wọ́n sọ di ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, àgbàlá ẹ̀ ni wọ́n ti ń yan bíi ṣọ́jà.

Wàhálà ibẹ̀ ni ẹ̀rín Nadia. Ẹ̀rín ọ̀hún kì í ṣe kékeré o! Ó máa kọ́kọ́ fín nímú ẹ̀, ó máa dúró díẹ̀ bíi pé ó ti tán, àfi gbàù!

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Wendell Askew ló ń ṣe ọmọ kọ́ṣẹ́ tí fìlà ẹ̀ tóbi jù. Ilé ọtí ni Wendell ti máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín kí wọ́n tó mú un wá síbi fíìmù. Òṣèré tó ń ṣe sájẹ́ǹtì máa pariwo pé, "Ẹ yí sọ́tùn-ún!" Wendell máa yí sósì, fìlà á bò ó lójú, á wá máa dá yan lọ títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi wọ korobá ẹfun tí wọ́n ti pò sílẹ̀, á sì ṣubú gbàgà. Tó bá ti ṣubú báyìí, yunifọ́ọ̀mù bàjẹ́ nìyẹn. Mẹ́ta péré sì ni àwọn aránṣọ rán.

Nadia rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọ téèpù, ó di pé kí wọ́n tún un yà, yunifọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ bàjẹ́. Nadia tún rẹ́rìn-ín, ìkejì bàjẹ́. Ó wá ku ẹyọ kan lórí okùn.

Ọ̀gá ẹ̀, Desmond Pruitt, tó jókòó ti ẹ̀rọ téèpù, yọ ohun ìgbọ́rọ̀ tó fi bo etí.

"Nadia."

"Ọ̀gá."

"Ẹranko wo ló wà lọ́nà ọ̀fun ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má bínú. Ojú Wendell ni."

"Ojú Wendell ló gbà ẹ́ síṣẹ́? Gbọ́ mi dáadáa. Tí n bá tún gbọ́ 'fín' láti imú ẹ, gbé ọ̀pá yẹn sílẹ̀ kó o wọ bọ́ọ̀sì lọ bá ìyá ẹ. Ẹlòmíì á ti dé tó bá dọ̀la."

Nadia ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ létí. Ló bá ká ìborùn onírun-àgùntàn tó wà lọ́rùn ẹ̀, ó ki í bọ ẹnu, ó sì fi eyín dì í mú.

Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò láìsí ẹfun. Fìlà bo Wendell lójú, Wendell yan lọ. Nadia ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò dún rárá. Ó ń yọ̀ nínú, áà, mo ti ṣe é! Àfi bí Wendell ṣe dúró gbagidi níwájú korobá, tó ṣí fìlà lójú.

"Ta ló kú?"

Ló bá rìn tààrà lọ bá Nadia.

"Nadia, kí ló dé? Mi ò pa ẹ́ lẹ́rìn-ín mọ́?"

Nadia yọ ìborùn lẹ́nu. "Ó ń pa mí! Ó fẹ́ẹ́ pa mí kú! Ọ̀gá ló ní tí n bá rẹ́rìn-ín, mo ti lọ."

"Yéè! Ẹ̀rín ẹ ni mo fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí n ṣubú! Nílé ọtí, wọ́n á rẹ́rìn-ín ná kí n tó gbẹ́sẹ̀ kejì. Tí gbogbo ibi bá pa lọ́lọ́ báyìí, ibo ni kí n gbẹ́sẹ̀ sí?"

"Wendell, jọ̀ọ́, má kó bá mi."

"Ṣé èmi ni mo kó bá ẹ ni?"

Bernard Lachance tó ń darí fíìmù ké láti ẹ̀yìn kámẹ́rà pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ìgbéyàwó lẹ fẹ́ ṣe? Oòrùn ń wọ ẹ̀yìn òrùlé o! Ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ tó kù!"

Nadia ki ìborùn padà sẹ́nu, ó gbọ́pá sókè.

"Ẹ dákẹ́! Ó yá!"

Sájẹ́ǹtì pariwo. Wendell yí sósì. Fìlà bò ó lójú. Ó yan, ó yan, ó dé iwájú korobá, ó gbẹ́sẹ̀ kan sókè... ó dúró.

Ó ń retí.

Nadia mọ̀ pé òun ló ń retí. Ẹsẹ̀ Wendell ti ń gbọ̀n lókè. Nadia wo Pruitt, Pruitt tẹjú mọ́ ọn. Ó wo Lachance, ọwọ́ ẹ̀ ti ń lọ sókè láti dá wọn dúró. Tóun ò bá rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gbogbo wọn ọjọ́ náà á bàjẹ́. Tóun bá rẹ́rìn-ín, tòun nìkan ló máa bàjẹ́. Ó wojú Wendell, ẹnu tó rọra ń mì lábẹ́ fìlà yẹn, ó sì dẹ eyín tó fi di ìborùn mú.

Ẹ̀rín gba inú ìborùn jáde: "Hííín-hì-hì-hì-fùrúúù!"

Wendell ṣubú! Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣubú! Korobá gbéra ńlẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ẹfun bo bàtà sájẹ́ǹtì!

"Ó tó!" Lachance ké, pàtẹ́wọ́ sì sọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn rántí, tí wọ́n yíjú sí Pruitt.

Nadia ti gbọ́pá sílẹ̀. Ó ń wá ibi tó gbé báàgì ẹ̀ sí.

Pruitt dá téèpù padà. Lachance gba ohun ìgbọ́rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbọ́ ọ, iwájú orí ẹ̀ ká kò.

"Ẹṣin wo nìyẹn?"

Pruitt wo Nadia.

"Ẹṣin ọlọ́pàá ni. Ṣé ọlọ́pàá ìlú yìí ò lẹ́ṣin ni?"

"Mi ò rẹ́ṣin kankan nínú ohun tá a yà."

"Yá a lọ́tọ̀ lọ́la, kó o gé e lẹ̀ mọ́ ọn."

Lachance rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ó wá ku ọ̀gá àtọmọ iṣẹ́.

"O ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu," Pruitt wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Gbé ọ̀pá yẹn ńlẹ̀, òtútù á ba máìkì jẹ́. Tètè dé lọ́la. Ìwọ lo máa di ẹṣin mú."

Wọ́n mú ẹṣin dé lóòótọ́, aláwọ̀ ilẹ̀, arẹwà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó yán, kò yán. Kárọ́ọ̀tì ló ń jẹ lọ ní tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe gé e lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn, ẹ̀rín Nadia ló di ohùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá débi korobá nínú fíìmù yẹn, ẹ máa rí ẹṣin kan tó ń yán bí ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ rìn ní gìgísẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó lẹ́nu.