Rédíò Ẹlẹ́nu Méjì

"Fi sílẹ̀. Èmi ni màá so ó."

Ẹ̀gbọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì gba omi mu tó ti ń ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Àbúrò rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà nítorí pé rédíò ló ń wò sàn, dúró ti tábìlì, ó di wáyà mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú létí títì.

Rédíò bàbá wọn ló wà lórí tábìlì yẹn. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀ ń kì bọ àpò. Pákó ni wọ́n fi ṣe é, ó tóbi tó àpótí aṣọ, kò sì mọ iná ilé rí. Bátìrì nìkan ló ń jẹ. Ọdún tí Bàbá gbé Màmá níyàwó ló rà á fún un. Ó ti yadi láti ọdún mẹ́tàlélógójì. Ọdún méjì gbáko ni Dókítà fi tọ́jú rẹ̀. Fáàfù mẹ́rin ló wà níkùn rẹ̀, àwọn gílóòbù onídìígí tó ń fún un lóhùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ṣà wọ́n jọ, bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ tó já, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣe irú wọn mọ́.

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn wọn. Ojú ti lọ, ẹsẹ̀ ti lọ, etí ló kù. Láti ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè: "Ṣé rédíò bàbá yín ti ń sọ̀rọ̀?"

Ẹnu méjì ni rédíò náà fi ń jẹun. Ẹnu kékeré ń jẹ bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan péré, ìyẹn ló ń mú fáàfù gbóná. Ẹnu ńlá ń jẹ iná tó lè gbọn àgbàlagbà jìgìjìgì. Kò sẹ́ni tó ń ta bátìrì ńlá yẹn mọ́, ni Dókítà bá ra bátìrì kékeré onígun mẹ́rin mẹ́wàá, ó kàn wọ́n lórí mọ́ra, ó fi páálí dì wọ́n, ó sì so àkísà pupa mọ́ wáyà wọn kí òun má gbàgbé láti bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi: oúnjẹ àgbà kò ṣeé fi bọ́ ìkókó. Àmọ́ láti ilé iṣẹ́ tí rédíò náà ti wá, pupa ni wáyà ẹnu kékeré. Dókítà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rò pé òun fúnra òun ni yóò so ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n so ó, kẹ́yin wá tàn án."

"Ta ni àkọ́bí nílé yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ohun bàbá mi, kó o wá ṣí i lójú mi? Mo ti ń wa ọkọ̀ kó o tó mọ bátìrì yàtọ̀ sí bisikíìtì!"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni. Ó lá a nígbà kan, ó sì figbe ta."

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn mẹ́ta ti jọ rẹ́rìn-ín nínú yàrá kan. Dókítà dẹ ọwọ́, Ẹ̀gbọ́n sì gba wáyà.

"Pupa sí pupa. Ṣé ìyẹn náà gba ìwé?"

"Ẹ dúró," ni Dókítà wí. Jẹ́jẹ́ ló wí i, torí a kì í jágbe mọ́ ẹni tó juni lọ.

Iná ńlá gba ẹnu kékeré wọlé. Fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn lẹ́ẹ̀kan náà, funfun bíi mànàmáná. Wọ́n kú. Ọdún méjì lọ kí ojú tó ṣẹ́.

"Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?" ni Màmá bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Màmá, kò tún un ṣe dáadáa. Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má gbójú lé e? Tó bá dọ̀la, màá ra tuntun fún yín."

Dókítà yọ wáyà náà. Fóònù Ẹ̀gbọ́n dún, ó jáde, wọ́n sì gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

"Sún mọ́ mi," ni Màmá wí. Dókítà kúnlẹ̀. Ó rò pé ìyá òun fẹ́ rẹ òun lẹ́kún ni.

"Mo gbọ́ ọ nígbà tó o ní kó dúró."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Èmi ni mo bí i, mo mọ ohun tí mo bí. Ìwọ ni mò ń bá wí. O mọ̀ pé yóò jó, o sì rọra sọ ọ́. Kó má bàa pè ọ́ láláfojúdi lo ṣe ní kí n kú láìgbọ́ ohùn rédíò náà?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Màmá kọjú sí ògiri.

Dókítà padà sídìí tábìlì. Ó tú páálí, ó ń já àwọn bátìrì náà kúrò lára ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó mú èyí tó kẹ́yìn, ó fi ahọ́n kàn án.

Ó ta á. Agbára rẹ̀ ṣì pé.