Ilẹ̀kùn Píkọ́ọ̀pù Àmúdà

Kò sí mẹkáníìkì kan ní Ago-Amodu tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ píkọ́ọ̀pù Àmúdà. Àmúdà nìkan ló mọ̀ ọ́n, nítorí òun nìkan ló bà á jẹ́ débẹ̀. Nígbà tí páìpù bíréèkì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan já, ńṣe ló dí i pa, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù ti tó láti mú ọkọ̀ dúró. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn dúró gbọ́dọ̀ máa tẹ bíréèkì ní àtẹ̀túntẹ̀ kó tó gbọ́. Dígí ọ̀tún fọ́, ó kan páànù dí ojú rẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn méjèèjì kán nínú, ó ní ṣé kò ṣeé ṣí láti ìta ni. Tí a bá bá a wí, á ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ìwà ni àwọn àgbà sọ, wọn ò sọ bíréèkì, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá olórí kunkun jiyàn?

Ohun kan ṣoṣo tó gbé fún oníṣẹ́ ọwọ́ ni kéèjì irin tó ní kí Samsudeen wẹ́dà jó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Àwọn olè ti sọ ọ́ di àṣà láti máa fò gun ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tó bá ń rá pálá gun òkè, wọ́n á sì máa ju ewúrẹ́ sílẹ̀ fún ẹnìkejì wọn nínú igbó. Kéèjì náà ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára okùn ṣòkòtò Àmúdà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà Ṣakí, ó kó ewúrẹ́ sínú kéèjì, ó ní kí Waheedat wọlé tì wọ́n kí wọ́n má baà tẹ ara wọn pa. Waheedat yìí nìkan ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó kú. Ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìsinmi ló wá lò nílé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ti àgádágodo pa, ó béèrè pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà ńkọ́. Àmúdà ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun, nǹkan kan ò ní í ṣẹlẹ̀.

Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà sí odò nígbà tí ọkùnrin méjì bọ́ jáde láti inú igbó. Ọ̀kan gbé ìbọn, èkejì mú àdá. Kí Àmúdà tó mú ọkọ̀ dúró tán, ẹni tó mú àdá ti ṣí ilẹ̀kùn, ó sì ti ṣá a léjìká. Wọ́n wọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n ń ta á nípàá níkùn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń dà pọ̀ mọ́ eruku. Ọkọ̀ ni wọ́n wá gbà. Àfìgbà tí wọ́n rí ọmọbìnrin láàárín ewúrẹ́, tí àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá yìí ti bá àwọn di ẹrù sílẹ̀.

Ẹni tó mú àdá wọ ibi ìwakọ̀. Láti ilẹ̀ tó wà, Àmúdà rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà níwájú. Bó bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ bíréèkì, odò yóò gbé àwọn olè yìí mì, yóò sì gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ wọn. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn óò gbé ọmọ rẹ̀ lọ láìséwu síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í rí i mọ́. Ó sọ fún wọn pé bíréèkì kò dára. Oníbọn fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó tún un sọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wà á. Èyí tó wà nídìí ọkọ̀ tẹ bíréèkì wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ lọ láìkan nǹkan kan. Ojú rẹ̀ yí padà.

Bí wọ́n ṣe gbé Àmúdà padà sídìí ọkọ̀ nìyẹn. Oníbọn jókòó tì í, ó fi ẹnu ìbọn gún un níhà. Ẹnìkejì rẹ̀ gun ẹ̀yìn, ó di kéèjì mú.

Àpáta ńlá kan wà lápá ọ̀tún ọ̀nà, lágbedeméjì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Àmúdà tẹ bíréèkì, ó tún un tẹ̀, kí eré má baà pọ̀ jù fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó kígbe pé kí Waheedat di irin mú. Ó sì yí ọkọ̀ sí àpáta náà.

Ìbọn dún, ó dá òrùlé ọkọ̀ lu. Ẹni tó mú àdá fò kọjá lórí kéèjì, ó forí sọ àpáta, agbárí rẹ̀ là, kò sì mira mọ́. Itan oníbọn kán, egungun yọ síta. Àmúdà já ìbọn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ síta, ó ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì pa á dé padà. Ó ṣí kéèjì. Ewúrẹ́ méjì ti kú, iwájú orí Waheedat ti bẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Bàbá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó sunkún, kò tijú.

Ẹ̀yìn èyí ni èéfín yọ níwájú ọkọ̀. Epo ti ń jò sílẹ̀. Oníbọn, tí itan rẹ̀ tó kán kò jẹ́ kó lè fà dé ẹ̀gbẹ́ kejì, bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn páànù náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ohùn ọmọdé ni. Waheedat dúró de bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò sì mira.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni?" Waheedat bi í.

"Kò ṣeé ṣí."

Waheedat mọ̀ pé irọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn láàárọ̀ láti gbé oúnjẹ sí i. Ó gbéra, àmọ́ bàbá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ mú láti ẹ̀yìn. Ó fà, ó bẹ̀ ẹ́, ó ta á nípàá lójúgun, ó gé ọwọ́ náà jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Àmúdà ò tú u sílẹ̀. Nígbà yẹn, iná ò tíì kọjá iwájú ọkọ̀, èèyàn ì bá lọ kó sì bọ̀. Ó dì í mú títí iná fi dé ibẹ̀, títí ẹni tó wà nínú fi kígbe tí igbe rẹ̀ ò jọ ti èèyàn mọ́, títí ilẹ̀kùn fi dákẹ́.

Ní Ago-Amodu, a gbé Àmúdà gẹ̀gẹ̀. Àwọn ọdẹ yìnbọn fún un, àwọn àáfà ṣàdúrà. Gbogbo wa ní ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Mo wí i nígbà yẹn, n ó sì tún wí i lọ́la. Ẹni tó gbé ìbọn wá jí ọmọ ọlọ́mọ, kí ni ká bá a ṣe? Inú ṣì ń bí mi sí òkú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Waheedat di ẹrù rẹ̀ láti lọ máa gbé lọ́dọ̀ Àdìjátù, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Òkèhò. Ọlọ́kadà ti dúró. Àmúdà jáde láti bá a gbé àpò, ó na ọwọ́. Ọmọ náà fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí lọ́wọ́ wọn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ yẹn kàn mí mọ́."

Ó dìde, ó sì gbé àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀.