Ẹni Tó Bá Tú Okùn

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, yìnyín ti dé orúnkún lórí Òkè Graukar kí a tó ṣe àjọ̀dún Mátíìnì Mímọ́. Inú gbogbo àfonífojì ń dùn. Àwọn onílé àlejò ti tẹ́ ibùsùn, àwọn àlejò sì ti gbé pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín dé láti ìlú ńlá. Èmi Walburga, tí mo ti ń ṣọ́ òkè náà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ni mo ta okùn pupa dí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ̀ sọ̀kalẹ̀.

Mo ti gbẹ́ ihò wò. Yìnyín tó wà lókè le, ó funfun bí ẹfun. Ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, tó sùn sórí koríko níbi tí oòrùn kì í dé, ti di hóró wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà. Mo bù ú, ó ṣàn láàárín ìka mi. Bí ẹnìkan bá tẹ èyí tó wà lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè ya lulẹ̀ bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Pirmin gòkè wá bá mi. Òun ló ni ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbé ènìyàn gòkè, òun náà ló ni ilé àlejò tó tóbi jù, òun ló sì ń sanwó iṣẹ́ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ nígbà tí ikun ṣì ń dì sí i nímú.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ bá wa tú okùn yìí. Irínwó àlejò ló ń dúró nísàlẹ̀."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí wọ́n máa mu kọfí."

"Kọfí láti àná! Yìnyín dé orúnkún, Màmá. Ẹ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n."

"Ọ̀pá mọ gíga, kò mọ ìdí. Bọ́ ìbọ̀wọ́, kó o ki ọwọ́ bọ ihò yìí."

Kò ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. "Ọjọ́ orí ti sọ yín dojo."

"Ojo á rí oúnjẹ alẹ́ jẹ. Ìwọ akọni ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ mú báàjì yín wá. Ẹ kì í ṣe olùṣọ́ mọ́."

Mo já a, mo nà án sí i. "Gbà. Ó ti fẹ́ fa ẹ̀wù mi ya tẹ́lẹ̀."

Ṣùgbọ́n òfin kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò sí nínú ìwé: ẹni tó bá tú okùn ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ sọ̀kalẹ̀, òun nìkan, lójú gbogbo ayé. Pirmin yíjú sí Vigil, awakọ̀ orí wáyà.

"Vigil, tú u."

Vigil ń wo bàtà rẹ̀. "Ọ̀gá, wáyà lẹ gbà mí fún. Ìyàwó mi sì ti se ọbẹ̀ sílẹ̀."

Pirmin fúnra rẹ̀ di kókó okùn mú. N kò dí i lọ́nà. Mo kọjú sí òkè, mo kì í:

"Graukar, a-fi-kùrukùru-wérí,
Arúgbó funfun tí kì í wẹ̀, tó ń mọ́,
O gbé ọkùnrin méje mì lọ́dún tí mo relé ọkọ, o ò gbin.
Olúwa ló dá ọ, Olúwa ló dá ọmọ yìí.
Olúwa, ọwọ́ mi mọ́."

"Ẹ dákẹ́! Ẹ̀ ń kì í bí ẹni ń pè é!"

"Mò ń kí i ni. Ìwọ lò ń lọ sílé rẹ̀."

Ìka rẹ̀ pẹ́ lórí okùn. Àwọn àlejò ń wòkè. Nígbà tó yá, ó jáwọ́.

"Kókó yìí ti dì bíi yìnyín," ó wí.

"Ó dì, Ọ̀gá," ni Vigil fèsì, "ó dì gan-an ni."

Pirmin bá ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ tòun ti báàjì mi. Yìnyín òkè kò ya lọ́jọ́ náà, kò ya lọ́jọ́ kejì. Ní ilé ọtí, wọ́n ní Walburga rí ṣúgà, ó pè é ní ikú. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ó wà láàyè ni.

Wọ́n ní n kò níṣẹ́ mọ́. Ta ló bi wọ́n? Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gbàdúrà, mo gbé ṣọ́bìrì mi, mo forí lé òkè.