Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Kọjú Sí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ipò ọ̀gá ṣófo níbi iṣẹ́ Tsang Kam-fai, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n fò ó dá. Ẹlòmíì ì bá rò pé bóyá nítorí pé ó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni. Pui-shan, ìyàwó rẹ̀, kò rò bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé ni wọn ò tò dáadáa. Ló bá lọ pe Ọ̀gá Ngau, onífẹngṣúì, ẹni tó mọ ọ̀nà tí ire ń gbà wọlé, tó sì mọ ibi tó yẹ kí bẹ́ẹ̀dì àti jígí kọjú sí kí ire náà má baà gba fèrèsé jáde.

Màmá Yuet-ngo, ìyá Kam-fai, kò ta kò ó. Láti kékeré ni òun náà ti mọ̀ pé èèyàn kì í na ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà sùn. Ohun tó ń ṣe é ní kàyéfì ni pé fúláàtì wọn, ní àjà kọkàndínlógún ilé ìjọba ní Hong Kong, kéré débi pé èèyàn lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa ro ògì ìrẹsì lórí iná. Kí ni wọ́n fẹ́ yí, níbi tí kò sí àyè ìyípadà?

Ọ̀gá Ngau dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ó bọ́ bàtà, ó mu tíì, ó wọ̀tún wòsì, ó sì mi orí bíi mẹkáníìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ́ńjìnnì mọ́tò olówó. Ó ní ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí lífìtì, ire tó bá wá, lífìtì á tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ní gáàsì ìdáná kọjú sí ẹ̀rọ omi, iná àti omi ń jà. Ó ní jígí ń wo bẹ́ẹ̀dì. Nínú ilé tó fún bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní í kọjú síra wọn? Ṣùgbọ́n Pui-shan ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò fo ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà yọ kọ́ńpáàsì rẹ̀ jáde, pátákó róbótó tí wọ́n kọ nǹkan sí yíká, tí abẹ́rẹ́ wà láàrin rẹ̀. Ó ń gbé e kiri díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé igun ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí Màmá jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀fọ́, abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó yí, ó sì kọjú sí ikùn ìyá arúgbó náà gan-an. Ọ̀gá Ngau sún sí ọ̀tún, ìyá náà ni abẹ́rẹ́ ń wò. Ó sún sí òsì, ìyá náà ni.

Ó ní igun ọrọ̀ ilé nìyẹn, ìràwọ̀ àìsàn, èyí tó ń lé ọrọ̀ sá, ló sì wà níbẹ̀. Kò dárúkọ Màmá o, ọmọlúwàbí ni. Ó kàn ní àgbàlagbà nílò ibi tí òkè bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí omi sì wà níwájú.

"Irú ibẹ̀ wà," Pui-shan dáhùn kíá, ó sì fa ìwé pélébé kan jáde nínú báàgì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ni, ní Tuen Mun: òkè lẹ́yìn, omi níwájú. Etí ìwé náà ti ká, ó jọ pé ó ti pẹ́ nínú báàgì.

Màmá wo ọmọ rẹ̀. Ife tíì ni Kam-fai ń wò.

Ọ̀gá Ngau fi kọ́ńpáàsì kékeré kan sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n máa fi ṣọ́ ilé. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá fẹ́ wẹ̀. Ó tú ìgbànú tó máa ń dì mọ́ ìbàdí tó ń dùn ún, ó gbé e ka orí tẹlifíṣọ̀n, abẹ́rẹ́ sì yí bìrí. Màmá gbé ìgbànú lọ sápá kejì, abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Pui-shan fúnra rẹ̀ ló ra ìgbànú náà fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Irin kéékèèké tó ń fa irin mọ́ra ni wọ́n rán sínú rẹ̀, méjìlá, wọ́n ní ó ń lé ìrora. Inú ìyá náà dùn débi pé ó gbàgbé ìwẹ̀. Àṣé kò sí ìràwọ̀ àìsàn kankan. Ẹ̀bùn ìyàwó ọmọ ni.

Nígbà tí wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ó fi han ọmọ rẹ̀. Ó mú ìgbànú yí kọ́ńpáàsì ká lẹ́ẹ̀mẹta, abẹ́rẹ́ sì ń bá a yí. Kam-fai wò ó títí.

"Mo rí i, Màámi," ó ní. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú bẹ́ẹ̀dì pamọ́ fún yín ní Tuen Mun. Kàlẹ́ńdà tó ń sọ ọjọ́ ire sì ní Sátidé ló dáa fún kíkó ẹrù."

Ó dun Màmá wọ egungun. Ó ti rò pé abẹ́rẹ́ ló ṣi ọmọ òun lọ́nà. Àṣé àwáwí lásán ni abẹ́rẹ́ bá a wá. Ó mú ẹja sórí ìrẹsì Kam-fai, bó ṣe ń ṣe láti ogójì ọdún.

"Kò burú," ó ní. "Sátidé dáa. Ṣùgbọ́n lọ́la, màá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ilé nísàlẹ̀, kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé. Èmi àti bàbá rẹ ni ìjọba fún nílé yìí. Bàbá rẹ ti lọ, èmi náà ń lọ. Wọ́n á wá bi ẹ̀yin méjèèjì ní iye tí ẹ ń gbà lóṣù, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ẹ lè dúró."

Igi tí Pui-shan fi ń jẹun dúró sáàárín àwo àti ẹnu. "Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Ta ló ní ó le? Ilé mẹ̀kúnnù ni, ìyàwó wa. Ẹ̀yin kì í sì í ṣe mẹ̀kúnnù mọ́. Báàgì tí o fi gbé ìwé wálé yẹn, èmi ò lè ra okùn rẹ̀."

Pui-shan fi oúnjẹ sílẹ̀, ó mú fóònù, ó sì jáde lọ sí ẹ̀bá lífìtì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Màmá tó wọ bàtà, Ọ̀gá Ngau ti kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun kò ṣì í sọ lọ́jọ́sí, wọn ò gbọ́ ọ yé ni. Òkè tí òun ní kó wà lẹ́yìn, ìyá yìí gan-an ni òkè náà. Ilé tó bá ti òkè ẹ̀yìn rẹ̀ síta, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ó pàṣẹ kí bẹ́ẹ̀dì Màmá gba gbogbo ẹ̀bá fèrèsé, kí kọ́bọ́ọ̀dù Pui-shan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, kí tọkọtaya sì máa na ẹsẹ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sùn. Kò yọ kọ́ńpáàsì rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àpò ìwé pupa tí Pui-shan fi owó sí fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Kam-fai ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún ìyá rẹ̀, tó ń béèrè bó ṣe sùn. Pui-shan ń bá a fọ aṣọ. Àwọn ará ilé kejì ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí. Màmá ń gba tíì náà, ó ń mu ún, ó sì máa ń gbóná dáadáa. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Kò rí i ṣe. Ṣùgbọ́n bí Kam-fai bá ti jáde, á kọjú sí fèrèsé, á sunkún díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé orúkọ òun tó wà nínú ìwé ilé ni ọmọ náà ń kí.